Ẹgba Nínú Ilé-Kéwú: Ǹjẹ́ Ìbẹ̀rù Lè Kọ́ Ọmọ ní Òdodo?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Láti Dakar títí dé Maiduguri, agbára káká ni a ó fi rí ilé-kéwú tí wàláà wà tí pàṣán kò sí nítòsí rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wa bá sì jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, iye ni wọ́n sábà máa ń bèèrè: ẹgba mélòó ni ó tọ́, ta ni ó ní àṣẹ láti nà, ibo ni a kò gbọdọ̀ nà lára ọmọ? Ìbéèrè tí ó dára ni àwọn wọ̀nyí, a ó sì mẹ́nu bà wọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lẹ́yìn wọn tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ bèèrè, òun náà ni pé: kí ni ẹgba ń kọ́ ọmọ? A kò sọ ohun tí olùkọ́ fẹ́ kọ́ ọ. Ohun tí ọkàn ọmọ náà ń gbà wọlé ní àkókò tí pàṣán wà lókè ni à ń bèèrè.

Èrò wa ni pé ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ tí ẹ̀rù ń bà máa ń kọ́ ni ọ̀nà tí a fi í bo ara ẹni mọ́lẹ̀. Nínú ẹ̀sìn tí ó gbé gbogbo iṣẹ́ ka orí aníyàn, ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a sọ ẹni tí a ń bá wí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa ní ìlú Kaduna, wọ́n sì tú àwọn ènìyàn tí ó lé ní 300 sílẹ̀, ọmọdé àti àgbà, tí a ti de ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ilé-kéwú àti ilé àtúnṣe ìwà ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Kò sí onímọ̀ kan tí yóò gbèjà irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sì bójú mu kí a fi í díwọ̀n ẹgbẹẹgbẹ̀rún málàmù tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láìgba owó oṣù. Ẹni tí ọ̀rọ̀ wa kàn ni olùkọ́ rere: ẹni tí ó fẹ́ràn ọmọ, tí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun, tí ó sì gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé fún ire ọmọ náà ni pàṣán ọwọ́ òun wà. Bí a kò bá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, a kò tíì sọ nǹkan kan.

Ọmọ ọdún méje, ọmọ ọdún mẹ́wàá

Ẹ̀rí tí olùkọ́ rere yóò kọ́kọ́ mú jáde ni hádíìsì tí a rí nínú àkójọ Abu Dawud, èyí tí ó pàṣẹ pé kí a máa pe ọmọ sí ìrun nígbà tí ó bá pé ọdún méje, tí ó sì fi àyè sílẹ̀ fún nínà lórí rẹ̀ nígbà tí ó bá pé ọdún mẹ́wàá. A kò ní fi ọgbọ́n àyínìke yẹ ẹ̀rí náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kà á bí àwọn onímọ̀ fíkíhì ti máa ń ka ẹ̀rí, kí a wo ohun tí ó dúró lé àti ohun tí kò dúró lé.

Ó dúró lórí ìrun. Ìrun kíkí sì jẹ́ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe bí ó bá fẹ́: ó mọ àlùwàlá, ó mọ rúkúù, ó mọ ìforíkanlẹ̀. Bí ó bá kọ̀, ó yan kíkọ̀ ni. Ọmọ tí ó gbàgbé áyà tí ó kà lánàá kò yan ohunkóhun. Kò sí ọmọ tí ó jókòó níwájú olùkọ́ pẹ̀lú pàṣán tí yóò mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé. Nínà nítorí kíkọ̀ àti nínà nítorí àìlèṣe kì í ṣe ohun kan náà lójú òfin, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ohun kan náà lójú ìwà ọmọlúàbí. Ohun tí à ń ṣe nínú ọ̀pọ̀ ilé-kéwú ni pé a mú àṣẹ tí ó wà fún ti àkọ́kọ́, a sì ń lò ó fún ìkejì láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo iye ọdún tí ó wà láàárín. Bí a bá ka ọdún òṣùpá kan sí ọjọ́ 354, tí ìrun sì jẹ́ márùn-ún lójúmọ́, ìpè tí ọmọ yóò ti gbọ́ láàárín ọdún mẹ́ta náà jẹ́ 5,310. Ẹ̀ẹ̀kan ni à ń ka ọ̀rọ̀ nípa nínà nínú hádíìsì náà, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni ó bu fún ìpè pẹ̀lẹ́. Olùkọ́ tí ó ná ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n mú un wá, àwọn ìpè wọ̀nyẹn wo ni ó ti ṣe?

Ohun kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù fún ohun tí à ń wí. Àwọn onímọ̀ fíkíhì tí wọ́n gba nínà láyè so ó mọ́ májẹ̀mú: kí ó má ṣe dá ọgbẹ́ sílẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé a ní ìrètí pé yóò ṣe ọmọ náà láǹfààní. Níbi tí ìrètí yìí kò bá sí, àṣẹ náà kò sí. Ẹ jẹ́ kí a ronú lórí májẹ̀mú yìí dáadáa, nítorí òun ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Bóyá nínà ń ṣe ọmọ láǹfààní tàbí kò ṣe é, èyí kì í ṣe ohun tí a lè mọ̀ láti inú ẹ̀rí inú ìwé nìkan. A ní láti wo ọmọ kí a tó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ṣe ìwádìí nípa èrò-ọkàn ọmọ kò yọjú sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Àwọn baba ńlá wa nínú fíkíhì ni wọ́n fi àga sílẹ̀ fún un.

Ní ti Ànọ́bì fúnra rẹ̀ (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), a kò nílò láti wá jìnnà. Aishah jẹ́rìí pé kò fi ọwọ́ rẹ̀ lu obìnrin tàbí ìránṣẹ́ kankan rí, àfi lójú ogun. Anas, ẹni tí ó fi ọmọdé sìn ín fún ọdún mẹ́wàá, sọ pé kò ṣe ṣíọ̀ sí òun rí. Muawiyah ọmọ al-Hakam sì sọ̀rọ̀ láàárín ìrun láìmọ̀, àwọn ènìyàn ń fi ojú bá a wí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìrun Ànọ́bì kò nà án, kò bú u, ó kàn ṣàlàyé ohun tí ìrun jẹ́ fún un ni. Ọkùnrin náà kò gbàgbé títí ọjọ́ ayé rẹ̀; ó ní òun kò rí olùkọ́ tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe pé ó rántí ẹ̀kọ́ náà nìkan, ó rántí olùkọ́ náà pẹ̀lú ìfẹ́.

Àwọn àgbà Qayrawan àti ọmọ Tunis

Ìlú Qayrawan ní ilẹ̀ Tunisia ni àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti mu ọmú fíkíhì Màlíkì. Risala tí Ibn Abi Zayd, tí ó kú ní ọdún 996, kọ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ kéwú láti Timbuktu dé Sókótó. Ní ìlú kan náà ni Muhammad ọmọ Sahnun, tí ó kú ní 870, ti kọ ìwé pẹ́lẹ́bẹ́ kan lórí ìwà tí ó yẹ olùkọ́ àwọn ọmọdé. Al-Qabisi, tí ó kú ní 1012, tẹ̀lé e pẹ̀lú ìwé tirẹ̀, ó sì kìlọ̀ gidigidi pé olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi ẹgba pa iná ìbínú ara rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ na orí tàbí ojú.

Ohun tí ó gbà wá láfiyèsí jù nínú ìwé Ibn Sahnun ni ìṣirò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ nítorí eré àti ìmẹ́lẹ́, olùkọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ẹgba 10. Bí ó bá jẹ́ nítorí kíka Àlùkùránì, kò gbọdọ̀ kọjá 3. Bí ó bá jẹ́ pé bí ohun tí à ń kọ́ bá ti níyì tó ni ẹgba rẹ̀ ṣe yẹ kí ó pọ̀ tó, kíka Àlùkùránì ni ìbá gba ẹgba jù lọ. Àgbà yìí yí ìṣirò náà padà. Bí ó ti wù kí ó ti rò ó, ohun tí ó dá sílẹ̀ ni pé ibi tí ẹ̀kọ́ ti ga jù ni ọwọ́ olùkọ́ ti gbọdọ̀ fúyẹ́ jù. Àwọn tí wọ́n bá ka 3 sí iye tí a lè nà lójoojúmọ́, tí a sì lè tún bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ti sọ ògiri tí ó kọ́ di ilẹ̀kùn.

Ọdún 1332 ni wọ́n bí Ibn Khaldun ní Tunis. Nínú Muqaddimah rẹ̀, tí ó kọ ní ọdún 1377, ó ya apá kan sọ́tọ̀ láti sọ pé líle koko mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń pa á lára, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọmọdé. Kò fi àánú nìkan sọ ọ́. Ó ṣàlàyé bí ìpalára náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọkàn ọmọ tí a fi ipá tọ́ á kọ́kọ́ fún, ayọ̀ àti okun rẹ̀ á lọ, ọ̀lẹ á sì wọlé. Lẹ́yìn náà ni irọ́ yóò dé, nítorí ọmọ náà yóò máa fi ohun tí kò sí nínú rẹ̀ hàn kí ọwọ́ má baà tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá pẹ́, ẹ̀tàn tí ó fi ń gba ara rẹ̀ là yóò di bárakú, yóò sì di ìwà. Nígbà tí ó bá dàgbà, kò ní lè dáàbò bo ara rẹ̀ tàbí ilé rẹ̀, ẹrù àwọn ẹlòmíràn ni yóò jẹ́. Ó ní ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí orílẹ̀-èdè tí a fi ipá jẹ gàba lé lórí. Ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ yìí ti ṣiṣẹ́ láàfin ọba púpọ̀, ó ti wọ ẹ̀wọ̀n rí. Ó mọ bí ènìyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ó bẹ̀rù.

A kò gbọdọ̀ fi kún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ibn Khaldun kò fòfin de ẹgba pátápátá. Òun náà mú ààlà ẹgba mẹ́ta wá, ó sì yin ìmọ̀ràn tí Harun al-Rashid fún olùkọ́ ọmọ rẹ̀ al-Amin, pé kí ó máa kọ́ ọmọ náà ní ìgbà gbogbo láìsọ ọ́ di oníbànújẹ́ tí ọpọlọ rẹ̀ yóò kú, kí ó má sì ṣe kẹ́ ẹ jù. Kí ó fi ìfẹ́ àti ìrọ̀rùn tọ́ ọ bí ó bá ti ṣeé ṣe tó, bí ọmọ bá kọ̀ ni kí ó tó le mọ́ ọn. Àmọ́ ní ti ohun tí ìbẹ̀rù ń ṣe nínú ọkàn, ó sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ bọ́rọ̀.

Ọdún 634 lẹ́yìn náà, ní 2011, àwọn olùwádìí méjì, Victoria Talwar àti Kang Lee, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín. Ilé-ìwé aládàáni méjì ni wọ́n lò. Ní ọ̀kan, wọ́n ń fi igi, ìgbájú àti yíyín ní èékánná jẹ ọmọ níyà; ní èkejì, ìbáwí ẹnu àti kí a mú ọmọ kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ń lò. Àwọn ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ẹ̀yìn sí ohun ìṣeré kan, kí ó fi ohùn tí ó ń gbọ́ mọ ohun tí ó jẹ́, kí ó má sì wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ó ń darí eré náà á sì jáde. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé méjèèjì ni wọ́n wẹ̀yìn, bí ọmọdé ti máa ń ṣe. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ìgbà tí a bi wọ́n. Ní ilé-ìwé tí kò sí igi, àwọn tí wọ́n sẹ́ lé díẹ̀ ní ìdajì. Ní ilé-ìwé elẹ́gba, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Wọ́n sì mọ irọ́ náà í gbé ró ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ: nígbà tí a tún bi wọ́n ní orúkọ ohun ìṣeré náà, wọ́n mọ bí a ti í díbọ́n pé àwọn kò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni à ń sọ.

Ilé-ìwé méjì péré ni èyí, kì í sì í ṣe ilé-kéwú. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè ní àwọn òbí tí wọ́n yan ilé-ìwé elẹ́gba lè ti yàtọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí onímọ̀ Màlíkì kan láti Tunis àti àwọn olùwádìí láti ilẹ̀ Kánádà, tí ọ̀rúndún mẹ́fà wà láàárín wọn, bá débi kan náà láti ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó yẹ kí olùkọ́ dúró díẹ̀. Ní ọdún 2011 kan náà, àwọn méjì yìí àti Stephanie Carlson tẹ ìwádìí mìíràn jáde lórí agbára ọmọ láti kó ara rẹ̀ níjàánu àti láti ronú kí ó tó ṣe nǹkan. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ilé-ìwé elẹ́gba kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé orí àwọn tí wọ́n wà ní kíláàsì kìíní, àwọn ọmọ ilé-ìwé elẹ́gba ni wọ́n rẹ̀yìn. Elizabeth Gershoff náà kó ìwádìí 88 jọ ní ọdún 2002. Ó rí i pé nínà máa ń mú kí ọmọ gbọ́ràn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bá ìṣesí búburú mẹ́wàá rìn. Diana Baumrind àti àwọn mìíràn bá a jiyàn nínú jọ́nà kan náà pé ó kó nínà líle àti èyí tí kò le papọ̀, àríyànjiyàn náà sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n ìgbọ́ràn ojú ẹsẹ̀ yìí gan-an ni ó ń tan olùkọ́ jẹ. Ó nà, ọmọ dákẹ́, ó kàwé. Ohun tí ó rí nìyẹn. Ohun tí kò rí ni ohun tí ọmọ ń kó pa mọ́.

Aníyàn

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti di ti ẹ̀sìn gan-an. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ káfíńtà ni à ń kọ́ ọmọ, a lè ní kò ṣe nǹkan kan bí ó bá ń fi ẹ̀rù ṣe é. Àga yóò dúró. Ṣùgbọ́n hádíìsì tí ó ṣíwájú nínú àkójọ al-Bukhari, tí gbogbo ọmọ kéwú mọ̀, gbé iṣẹ́ ka orí aníyàn. Bí ọmọ bá ń kírun nítorí pàṣán, ta ni ó ń kírun fún? Bí olùkọ́ bá jáde, tí ó ní kí wọ́n máa ka kéwú lọ, tí ohùn wọn sì dákẹ́ bí ó ti kọjá ẹnu ọ̀nà, ṣé Ọlọ́hun ni wọ́n ti ń kà á fún tẹ́lẹ̀ ni tàbí olùkọ́? Àlùkùránì fúnra rẹ̀ ṣàpèjúwe àwọn kan tí wọ́n ń fi ọ̀lẹ dìde sí ìrun kí ènìyàn lè rí wọn, orúkọ tí ó sì pè wọ́n kò dára. A kò sọ pé ọmọdé jẹ́ mùnáfíkì. Kálàmù kò tíì kọ nǹkan sí i lọ́rùn. Ohun tí à ń sọ ni pé a lè kọ́ ọmọ ní ìṣesí mùnáfíkì kí ó tó mọ ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí, kí ìṣesí náà sì dúró dè é títí yóò fi bàlágà.

Ẹnìkan lè wí pé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun náà ń bẹ nínú ẹ̀sìn, pé bí ọmọ kò bá kọ́ ìbẹ̀rù ní kékeré, yóò ṣe ní in ní àgbà? Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò kéré. Ẹni tí ó bẹ̀rù pàṣán a máa sá fún ojú olùkọ́. Ẹni tí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun kò ní ibi tí yóò sá sí àfi ọ̀dọ̀ Rẹ̀. Ìbẹ̀rù àkọ́kọ́ ń kọ́ni pé ohun tí a kò rí kò sí. Ìkejì dúró lórí pé kò sí ohun tí a kò rí. A kò rí bí ti àkọ́kọ́ ṣe lè bí ìkejì.

Luqman ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó tóbi jù lọ, ìyẹn ìṣọ̀kan Ọlọ́hun, ó sì sọ fún un pé bí ohun kan bá kéré bí hóró músítádì nínú àpáta, Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n. Ìgbà mẹ́ta ni ó pè é ní ọmọ rẹ̀ nínú sùúrà náà, èdè Lárúbáwá tí a fi pè é sì jẹ́ ìpè ìkẹ́. Ẹ̀kọ́ nípa Ẹni tí ó ń rí ìkọ̀kọ̀ ni, orí itan baba ni ọmọ sì ti gbọ́ ọ.

Thierno àti Samba Diallo

Ìjà tí ó le jù tí a lè bá èrò wa jà kò wá láti ọ̀dọ̀ oníwà-ipá. Cheikh Hamidou Kane, ará Senegal, gbé e kalẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀ L'Aventure ambiguë tí ó jáde ní ọdún 1961. Níbẹ̀ ni àgbà olùkọ́ kan, Thierno, ti ń jẹ Samba Diallo, ọmọ tí ó gbọ́n jù nínú ilé-kéwú rẹ̀, níyà. Ó ń fún un ní itan, ó ń fi èékánná gún un létí títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde, nítorí pé ọmọ náà ṣi ọ̀rọ̀ kan kà. Kì í ṣe ìkórìíra. Olùkọ́ náà fẹ́ràn ọmọ yìí ju gbogbo ọmọ yòókù lọ. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ ṣe iyebíye ju kí a ṣì í kà lọ, ìyà sì ni ọ̀nà tí ó mọ̀ láti fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó hàn. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti gbé láàárín àwọn ilé-kéwú Senegal, tí wọ́n ń pè ní daara, ti fi yé wa pé ebi, òtútù àti iṣẹ́ oko tí ọmọ ń ṣe fún olùkọ́ kì í ṣe ìwà òǹrorò lójú àwọn tí ó ni wọ́n; ara ni wọ́n ń fi kọ́ ẹ̀kọ́, kí Àlùkùránì lè wọ inú ẹran-ara.

Ó ní agbára, a kò lè fi ẹ̀rín lé e lọ. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni a fi ń dáhùn. Ìkíní, ìfaradà ìnira yàtọ̀ sí ìbẹ̀rù ènìyàn. Ọmọ tí ó jí ní òwúrọ̀ kùtù, tí ó fi ojú oorun kàwé lẹ́bàá iná igi, ń fara da nǹkan. Ó lè máa yangàn pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ tí ó ń wo ọwọ́ olùkọ́ kí ó tó dáhùn kò fara da nǹkan kan, ó ń ṣọ́ra ni. Ìkejì, Samba Diallo ni ìwé náà sọ nípa rẹ̀. Ọmọ tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀, tí kò gbọ́n tó o, tí ó gba ìyà kan náà láìrí ìfẹ́ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ní òǹkọ̀wé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń dáhùn nígbà tí àwọn àgbà bá ní àwọn náà jẹ ẹgba, àwọn sì di onímọ̀. Òótọ́ ni. Àwọn tí wọ́n sá lọ kò sí ní àpéjọ wa láti jẹ́rìí. A máa ń ka àwọn tí ó yege ní ọjọ́ wàlímọ̀tù. Kò sí ẹni tí ó ń ka àwọn tí kò dé ibẹ̀, tí ìró Lárúbáwá kan náà tí ó ń tu ẹlòmíràn nínú ṣì ń mú ọkàn wọn já lónìí.

Wàláà

A fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó lè ya àwọn kan lẹ́nu: ọ̀nà ìkọ́ni àwọn ilé-kéwú wa dára ju bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti rò lọ. Ọmọ kọ ẹsẹ̀ rẹ̀ sára wàláà, ó kà á, ó pa wàláà dé, ó ka á lórí fún olùkọ́, wọ́n fọ̀ ọ́, ó kọ òmíràn, ó sì ń padà sí ti àná. Hermann Ebbinghaus fi hàn ní ọdún 1885 bí ohun tí a há ṣe ń yára ṣá bí a kò bá padà sí i. Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke sì fi hàn ní 2006 pé ẹni tí ó gbìyànjú láti yọ ohun tí ó kọ́ jáde láti inú orí ara rẹ̀ ń rántí rẹ̀ pẹ́ ju ẹni tí ó kàn ń tún un kà lọ. Ohun tí àwọn baba wa ń ṣe pẹ̀lú wàláà gan-an nìyẹn. Nana Asma'u, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, tí ó gbé ayé láti 1793 sí 1864, tilẹ̀ fi ewì ní Fulfulde àti Haúsá kọ́ àwọn obìnrin tí ó rán lọ sí àwọn abúlé, kí ẹ̀kọ́ lè dúró sórí láìsí ìwé.

Wàláà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, àtúnkà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀; pàṣán wá gba ìyìn iṣẹ́ tí kò ṣe. Ó tilẹ̀ ń bà á jẹ́. Ọkàn ènìyàn ní àyè kékeré kan tí ó fi ń di ohun tí ó ń ronú lé lórí mú lójú ẹsẹ̀, ìbẹ̀rù sì máa ń gba lára àyè náà. Ọmọ tí ó mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa lórí ẹní ní ilé, tí ó pàdánù rẹ̀ níwájú olùkọ́, kò purọ́ nígbà tí ó ní òun mọ̀ ọ́n.

Al-Ghazali, tí ó kú ní 1111, ti sọ nínú Ihya rẹ̀ pé kí a fi ọmọ sílẹ̀ kí ó ṣeré lẹ́yìn kéwú, nítorí pé ẹ̀kọ́ láìsí eré ń pa ọkàn rẹ̀, ó sì ń sọ ọpọlọ rẹ̀ di kíkú. Ìwé yìí kì í wọ́n nínú ilé àwọn onímọ̀ wa. Èwo nínú ilé-kéwú wa ni ó ní àkókò eré nínú ètò rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí tún wúwo sí i fún ọmọ tí ó jìnnà sí ilé. John Bowlby kọ̀wé fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 1951 nípa ìpalára tí ó ń bá ọmọdé tí a já gbà kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tọ́ ọ. Àlùmájìrí ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n mú wá sí Kánò láti abúlé tí ó jìnnà kò ní ìyá nítòsí, kò ní baba. Málàmù ni àgbàlagbà kan ṣoṣo tí ó ní. Bí a bá na ọmọ tí ó ní ilé, ó lè sá lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ó sunkún. Ọmọ yìí, ọwọ́ tí ó nà án ni ó gbọdọ̀ sá tọ̀ lọ. Yorùbá ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra, a sì máa ń pa òwe yìí láti fi gbèjà ọwọ́ òsì. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa bóyá ọwọ́ ọ̀tún ti ṣiṣẹ́ rí nínú ilé-kéwú tí ó ní ọmọ ọgọ́rùn-ún àti olùkọ́ kan.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, àwòrán fídíò kan tàn kálẹ̀ láti ilé-kéwú kan ní Ganmo lẹ́bàá Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti ń na àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan nítorí ẹ̀sùn pé wọ́n lọ síbi àríyá. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara dá olórí ilé-kéwú náà dúró, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Lára àwọn òbí jáde wí pé àwọn ni àwọn fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Nínú ìwé Ibn Sahnun, ìyọ̀ǹda baba lè mú kí iye kan pọ̀ sí i nígbà tí ọmọ bá ṣe ẹlòmíràn ní ibi. Ṣùgbọ́n baba kò lè yọ̀ǹda ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ jẹ́ ohun ìfipamọ́ lọ́wọ́ baba, al-Ghazali ti wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a fi nǹkan pamọ́ sí lọ́wọ́ kò lè fún ẹlòmíràn láṣẹ láti fọ́ ọ.

Kí ni olùkọ́ yóò wá ṣe ní àárọ̀ ọ̀la tí ọmọ kan bá jókòó síwájú rẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò yọ? Kí ó kọ́kọ́ bi í bóyá ó jẹun. Kí ó ní kí ó ka èyí tí ó mọ̀, kí ó gbọ́ ibi tí ó ti já. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwọn ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n jọra tí ọmọ náà fi ń ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn háfíìsì àgbà pẹ̀lú. Kí ó dín iṣẹ́ ọjọ́ náà kù sí ìlà mẹ́ta, kí ó fi í sọ́dọ̀ ọmọ tí ó ṣáájú rẹ̀ díẹ̀, kí ó sì pè é padà lẹ́yìn ìrun àsárì, láwọn nìkan, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní fi í rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ náà bá sì wí pé òun kò kà á rárá lánàá, pé eré ni òun ń ṣe, kí olùkọ́ kíyè sí ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ yẹn: òótọ́ ni, ọmọ náà sì sọ ọ́ láìsí ẹni tí ó fipá gbà á lẹ́nu rẹ̀.